Ọjọ́ tí mo gba fíríìdọ̀mù lẹ́ẹ̀kejì

Ọjọ́ Ajé tó kọjá ni ọkùnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Ayétòrò. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà kó tó wọlé. Ẹni tó bá bọ́ bàtà wọ ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, kì í ṣe aṣọ ló gbé wá, ọ̀rọ̀ ló bá wá. Ó ní àwọn fẹ́ dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ níhìn-ín l'Óṣogbo tí yóò máa rán aṣọ ilé-ìwé. Ogún aránṣọ ni wọn yóò kó síbẹ̀, wọ́n sì ń wá àgbà kan tí yóò máa bójú tó wọn. 150,000 náírà lóṣù. Láti agogo mẹ́jọ àárọ̀ títí di mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ Àìkú nìkan ni ìsinmi.

Mo fún un lómi, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tọkàntọkàn, torí ẹni tó bá rántí ẹni sí rere, ọpẹ́ ló yẹ ẹ́. Mo wá sọ fún un pé mi ò ní lè gbà á.

Ó wò mí. Ó wo ẹ̀rọ mẹ́ta tó wà nílẹ̀, ó wo jẹnẹrétọ̀ kékeré tí mo fi ṣéènì dè mọ́ irin ilẹ̀kùn, ó wo àwọn ọmọ iṣẹ́ mi méjèèjì tí wọ́n ń tú ìrán lára ṣòkòtò kan. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, ṣé ẹ̀ ń rí tó bẹ́ẹ̀ níbí lóṣooṣù ni?"

Mo ní rárá. Oṣù mìíràn ń bẹ tí mi ò rí ìdajì rẹ̀.

Ó mi orí, ó wọ bàtà rẹ̀, ó lọ. Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè rẹ̀ ti ń dún létí mi. Kì í ṣe pé mo kábàámọ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé mi ò rí àlàyé ṣe fún un dáadáa, àlàyé náà gùn ju ohun tí ènìyàn lè sọ fún ẹni tó ti ń wọ bàtà. Mo wá ní kí n kọ ọ́ síbí, bóyá òun náà á rí i kà.

Ọdún 1998 ni bàbá mi mú mi lọ bá ọ̀gá mi ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí. Láàárọ̀ mo wà nílé-ìwé, lọ́sàn-án mo wà lẹ́sẹ̀ ọ̀gá mi. Odidi ọdún kan gbáko, mi ò jókòó sídìí ẹ̀rọ. Mò ń gbálẹ̀, mò ń fẹ́ná sí áyọ́ọ̀nù eléèédú, mò ń ká òwú sí bọ́bìn, mò ń fi ọwọ́ ṣẹ́tí aṣọ, mò ń gbé aṣọ lọ fún àwọn oníbàárà. Ọ̀gá mi kì í pariwo, bẹ́ẹ̀ ni kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Tó bá fẹ́ kọ́ wa ní gígé, á tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, á fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kan láti èjìká wá sísàlẹ̀, á gbé àlùmọ́gàjí lé ọ lọ́wọ́, á wá yí ojú síta. Kò ní wo ọwọ́ rẹ. Ó ní ẹni tí wọ́n bá ń ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kì í balẹ̀.

Oṣù Kejìlá 2001 ni mo gba fíríìdọ̀mù. Mi ò mọ bí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí ṣe di tiwa, àmọ́ kò sí aránṣọ, mẹkáníìkì, onídìrí tàbí káfíńtà kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá lọ sí yunifásítì, ìwé ẹ̀rí ló ń gbà jáde. Ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ ọwọ́, òmìnira ni wọ́n ń fún un, orúkọ tí wọ́n sì ń pè é gan-an nìyẹn. Mo ti ronú sí i pé àwọn àgbà tó fi orúkọ yìí pe ayẹyẹ náà mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Wọ́n ta kánòpì sí ojúlé ọ̀gá mi. Màmá mi se ìrẹsì. Alága ẹgbẹ́ aránṣọ wá pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Mo wọ bùbá àti ṣòkòtò àǹkárá aláwọ̀ ewé tí mo fọwọ́ ara mi gé, tí mo fọwọ́ ara mi rán, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Wọ́n fi obì, orógbó, ataare, oyin àti iyọ̀ wúre fún mi. Ọ̀gá mi fi téèpù kọ́ mi lọ́rùn, ó gbé àlùmọ́gàjí lé àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún mi, ó fi ọwọ́ tirẹ̀ pa ìka mi dé lórí rẹ̀. Mo ṣì ń rántí bí irin náà ṣe tutù lọ́wọ́ mi nínú oòrùn ọjọ́ yẹn. Ó ní, "Àlùmọ́gàjí yìí ò ní gé ọ lọ́wọ́. Láti òní lọ, kò sẹ́ni tí yóò máa jí ọ mọ́. Ìwọ ni wàá máa jí ara rẹ."

Mi ò lo fíríìdọ̀mù yẹn.

Olùkọ́ ni bàbá mi títí tó fi fẹ̀yìn tì. Lójú tirẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ dà bí agbòjò tí ènìyàn ń mú dání bí ojú ọjọ́ bá ṣú. Kì í ṣe ilé téèyàn ń gbé. Ó fẹ́ kí n kàwé, kí n wọ ọ́fíìsì. Mo kàwé, mo gba OND nínú ìṣirò owó, mo wáṣẹ́ títí, ní 2008 ilé iṣẹ́ aládàáni kan nínú ìlú yìí gbà mí sí ibi ìkẹ́rùsí wọn. Mi ò ní dárúkọ wọn. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo lò níbẹ̀.

Ohun tí mo rántí jù nínú ọdún mẹ́sàn-án náà ni rẹ́jísítà. Ìwé gígùn kan ni, ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú, wọ́n fi okùn so bírò mọ́ ọn, orí tábìlì kan lẹ́nu géètì ló máa ń wà. Bí aago bá ti lu mẹ́jọ, ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ á gbé rúlà lé e, á fi bírò pupa fa ìlà gbọọrọ láti etí ìwé dé etí kejì. Ẹni tó bá ti kọ orúkọ sókè ìlà, ó ti bọ́. Ẹni tó bá kọ tirẹ̀ sísàlẹ̀, wọ́n á gé nínú owó rẹ̀. Kò sẹ́ni tí yóò bi í pé kí ló dé. Mo ti rí àgbà ọkùnrin tó sáré láti Ọláìyá nítorí mọ́tò tó gbé e bàjẹ́ lọ́nà, aṣọ rẹ̀ rin fún òógùn. Nígbà tó dé, rúlà ṣì wà lórí ìwé, bírò ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀ ni. Ó dúró, ó ń wo ìlà náà bí ẹni tí odò kún mọ́ létí bèbè.

Ọdún 2014 ni ìyàwó mi bí ìbejì. Ilé ìwòsàn la sùn mọ́jú. Táyé kọ́kọ́ dé, ó ké dáadáa. Kẹ́hìndé dé ní nǹkan bí agogo márùn-ún ìdájí, kò tètè ké. Mo dúró títí ohùn ọmọ náà fi jáde, mo dúró títí wọ́n fi jẹ́ kí n gbé e. Agogo mẹ́sàn-án ku díẹ̀ ni mo dé ibi iṣẹ́, aṣọ àná ló wà lọ́rùn mi. Mo kọ orúkọ mi sísàlẹ̀ ìlà, mo lọ ṣàlàyé fún máníjà. Ó kí mi kú oríire, ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Nígbà tí oṣù parí, wọ́n ti gé owó ọjọ́ náà: 36,000 náírà pín sí ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, 1,384 náírà. Owó náà kọ́ ló dùn mí. Ohun tó dùn mí ni pé wákàtí tí mo fi gbọ́ ohùn ọmọ mi fún ìgbà àkọ́kọ́, ti ẹlòmíràn ni. Wọ́n ti ra wákàtí yẹn tẹ́lẹ̀, mo wá dà bí ẹni tó jí i.

Mi ò bínú kúrò níbẹ̀ o. Ẹni tó ní ọmọ ọwọ́ méjì kì í bínú fi oúnjẹ sílẹ̀. Máníjà wa máa ń sọ fún wa nígbà náà pé 18,000 ni owó oṣù tó kéré jù tí òfin là kalẹ̀, ìlọ́po méjì rẹ̀ làwọn ń san fún wa. Òótọ́ ló sọ, mo sì ń fi owó náà jẹun. Àmọ́ nínú oṣù tó tẹ̀ lé e, mo fa ẹ̀rọ Butterfly mi jáde lábẹ́ ibùsùn, mo nu eruku rẹ̀, mo ro òróró sí i. Mo bẹ̀rẹ̀ sí ránṣọ lálẹ́.

Nígbà tó di Kérésì 2016, ìdílé kan ní Alékúwodò fẹ́ sìnkú bàbá wọn, aṣọ mọ́kànlá ni wọ́n kó wá, agbádá mẹ́ta wà nínú rẹ̀. Òru méjìlá ni mo fi rán wọn. Nígbà tí mo yọ owó òwú, owó gọ́ọ̀mù àti owó ẹni tó bá mi ṣe iṣẹ́ ọnà ọrùn agbádá, 41,000 náírà ló kù sí mi lọ́wọ́. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Òru méjìlá ju oṣù kan lọ.

Mo sọ ọ́ fún ìyàwó mi. Ẹ̀lùbọ́ ló ń tà l'Ọ́jà Ọba, ó mọ owó jù mí lọ. Ó gbọ́ mi dé òpin, ó ní, "Bàbá Ìbejì, owó oṣù yẹn kéré o. Àmọ́ mo mọ ọjọ́ tó ń dé."

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni mo ti gbọ́ tó ń sọ̀rọ̀ nípa òmìnira, tí wọ́n ń sọ pé kéèyàn kúrò lábẹ́ ọ̀gá. Mi ò tíì gbọ́ ẹni tó dáhùn ọ̀rọ̀ ìyàwó mi yìí. Owó tó bá ní ọjọ́, ìyá ọmọ lè fi lérí, ó lè sọ fún ẹni tó ń ta ẹja pé kó di ọjọ́ báyìí. Owó tí kò ní ọjọ́, bó pọ̀ bí òkun, oorun kì í kún ojú ẹni tó ń dúró dè é. Mo mọ̀ pé tí mi ò bá rí ojútùú sí èyí, kì í ṣe òmìnira ni mò ń lọ, ẹrù mi ni mo kàn fẹ́ gbé lé ìyàwó mi lórí.

Oṣù mẹ́wàá la fi ṣètò rẹ̀. Gbogbo alẹ́ ni mo ń ránṣọ, lójoojúmọ́ ni alájọ wa ń wá gba 700 náírà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ àjọ ojoojúmọ́, ẹ mọ̀ pé owó ọjọ́ kan nínú oṣù ni ti alájọ, ìyókù ni tiyín. Nígbà tí oṣù Kẹwàá 2017 fi máa dé, ó ti lé díẹ̀ ní 200,000. Àwa méjèèjì ṣe ìṣirò rẹ̀ sẹ́yìn ìwé àwọn ọmọ: oúnjẹ oṣù márùn-ún, owó ilé, owó ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi. Mo sì ṣèlérí kan fún un. Mo ní ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kọ̀ọ̀kan, èmi fúnra mi ni màá san owó oṣù. Iye kan náà ni. Bí oṣù bá dára, mi ò ní fi kún un. Bó bá burú, mi ò ní yọ níbẹ̀. Èyí tó bá lé nínú oṣù rere ló máa bo àṣírí oṣù búburú. Ẹni tó bá fẹ́ gba ìmọ̀ràn kan ṣoṣo lọ́wọ́ mi, èyí ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá 2017, ni mo fi ìwé mi sílẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, òkè ìlà ni mo kọ orúkọ mi sí.

Mi ò lọ sílé. Mo gba Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun lọ. Ojú ọ̀gá mi ti ń ṣú nígbà yẹn, kò ránṣọ mọ́, orí àga lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló máa ń jókòó sí. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ ohun tí mo ṣe fún un. Ó dákẹ́ títí. Ó wá ní, "Àlùmọ́gàjí rẹ dà?" Ó wà nínú báàgì mi, èyí tó fún mi ní 2001 náà ni. Ó gbà á. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ etí, ó ń ṣí i, ó ń pa á dé, ó ń gbọ́ ìró rẹ̀. Ó ní ó ti kú. Ó pe ọmọ ọmọ rẹ̀ pé kó lọ mú òkúta tí wọ́n fi ń pọ́n ọ̀bẹ wá, kó bu omi díẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló pọ́n ọn, pẹ̀lú ojú tó ń ṣú yẹn, ó ń fi àtàǹpàkò tọ́ ẹnu rẹ̀ wò, ó tún ń pọ́n ọn. Ó fà ẹ̀já aṣọ kan yọ lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀, ó gé e, ó gé e lọ réé bí ẹni gé omi. Ó wá gbé e lé mi lọ́wọ́, ó pa ìka mi dé bíi ti àkọ́kọ́. Kò wúre gígùn. Ó ní, "O pẹ́ kó o tó jí."

Ọdún 2019 ló re ibi àgbà ń rè. Kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ.

Bàbá mi kò bá mi sọ̀rọ̀ fún nǹkan bí oṣù méjì. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ìbéèrè kan ló bi mí: tí mo bá dàgbà, ta ni yóò san owó ìfẹ̀yìntì fún mi? Ìbéèrè gidi ni, torí òun náà ń gba owó ìfẹ̀yìntì, ó mọ iyì rẹ̀. Ní 2019 ìjọba àpapọ̀ ṣí ètò owó ìfẹ̀yìntì sílẹ̀ fún àwa oníṣẹ́ ọwọ́ tí kò ní ọ̀gá. Mo forúkọ sílẹ̀. Iye tó bá wù mí ni mò ń san, ní ìgbà tó bá wù mí. Bí wọ́n ṣe là á sílẹ̀ nígbà náà, ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni mo lè gbà bí nǹkan bá le, ìdá 60 yòókù di ọjọ́ ogbó. Kò pọ̀. Mo gbé ìwé rẹ̀ lọ hàn bàbá mi, ó wọ díńgí ojú rẹ̀, ó kà á láti òkè dé ilẹ̀ bí ẹni tó ń máàkì ìdánwò, ó ní ó dáa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó le. Lẹ́yìn Kérésì, oṣù Ṣẹẹrẹ àti Èrèlé, ẹsẹ̀ á dá ní ṣọ́ọ̀bù aránṣọ. Gbogbo ènìyàn ti rán aṣọ ọdún, owó ilé-ìwé ni wọ́n ń wá. Nígbà tí wọ́n ní kí gbogbo ènìyàn jókòó sílé ní 2020 nítorí Kòrónà, kò sí ìgbéyàwó, kò sí òkú ṣíṣe, kò sí ìkómọ tó kọjá agbo ilé. Ta ló fẹ́ rán agbádá? Ìbòmú ni mo fi ẹ̀já aṣọ rán, mo ń tà á ní 150 náírà, òun la fi ra gàárì. Ìbẹ̀rẹ̀ 2023 tún wá burú ní ọ̀nà tirẹ̀, nígbà tí wọ́n pààrọ̀ owó, tí náírà di ohun àwátì. Oníbàárà ní owó ní báńkì, kò ní lọ́wọ́, ó fi ránṣẹ́, kò wọlé. Mo gba iṣu lọ́wọ́ ẹnì kan dípò owó ìránṣọ. Kó tó pẹ́, wọ́n yọ owó ìrànwọ́ epo nínú oṣù Karùn-ún ọdún náà. Epo tí lítà rẹ̀ kò tó 200 náírà ti kọjá 1,000 kí 2024 tó parí, èmi tí mò ń fi jẹnẹrétọ̀ lọ aṣọ sì ń ra lítà méjì lójúmọ́ tí iná ò bá sí. Mo padà sídìí áyọ́ọ̀nù eléèédú. Ọwọ́ mi ò gbàgbé rẹ̀.

Láàárín ọdún mẹ́jọ yìí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n dé tí mi ò lè san owó tí mo ṣèlérí. Mo mọ oṣù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí. Ìyàwó mi ò sọ nǹkan kan, ẹ̀lùbọ́ rẹ̀ ló gbé wa. Mo san án padà. Ìwé tí a fi ṣe ìṣirò náà ṣì wà nílé.

Kí ni mo wá ń rí tó ju owó lọ? Mo ti gbìyànjú láti sọ ọ́ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi tó wà nídìí iṣẹ́ oṣù, ó sì ṣòro, nítorí wọ́n rò pé ìsinmi ni mò ń sọ. Iṣẹ́ mi ò dín kù. Ó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí Ọ̀ṣun Òṣogbo bá ń bọ̀ nínú oṣù Kẹjọ, tí ẹgbẹ́ ń dá aṣọ funfun, tí àlejò ń ra àdìrẹ tí wọ́n fẹ́ kí n rán kí wọ́n tó padà sílé, mo lè má sùn fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tó ń pín ọjọ́ mi ló yí padà. Agogo méje ààbọ̀ àárọ̀, nígbà tí mo máa ń sáré lọ bá ìlà pupa, ẹsẹ̀ ni mo fi ń mú àwọn ìbejì lọ sílé-ìwé báyìí. Kẹ́hìndé máa ń sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé wa títí dé géètì wọn, kì í mí. Ọmọ tí kò tètè ké yẹn ni o. Ohun tí mo mọ̀ nípa ọmọ yìí, ojú ọ̀nà yẹn ni mo ti mọ̀ ọ́n.

Mo tún lè sọ pé rárá. Ọkùnrin olówó kan bú ọmọ iṣẹ́ mi níṣojú mi nítorí bọ́tìnnì kan. Mo ká aṣọ rẹ̀ fún un, mo dá owó rẹ̀ padà. Iṣẹ́ 60,000 ni. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ǹ bá rẹ́rìn-ín fún un ni.

Ní 2021, àìsàn gbé bàbá mi dè. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló lò nílé ìwòsàn. Mo ti ṣọ́ọ̀bù pa, mo fi ìwé lẹ̀ ẹ́ nílẹ̀kùn, mo pe àwọn tó ní aṣọ lọ́wọ́ mi lọ́kọ̀ọ̀kan, mo bẹ̀ wọ́n. Ẹnì kan gba aṣọ rẹ̀ lọ fún ẹlòmíràn, kò burú. Mo ń sùn lórí ẹní lẹ́bàá ibùsùn bàbá mi, mo ń wẹ̀ ẹ́, mo ń fi síbí fún un ní ẹ̀kọ. Ní alẹ́ ọjọ́ keje, tí ara rẹ̀ ti ń balẹ̀, ó la ojú, ó wò mí fún ìgbà pípẹ́. Ó ní, "Láti ọjọ́ yìí lo ti wà níbí. Ta ló fún ọ láyè?"

Mo ní, "Bàbá, èmi ni."

Ó di ojú padà. Mo rò pé ó ti sùn. Ó wá ní, "Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá mi ṣe rí."

Aláró ni ìyá bàbá mi. Ẹni tó bá gbọ́ oríkì ìlú wa mọ̀ pé ìlú aró ni wọ́n ń ki Òṣogbo. Mo bá màmá àgbà díẹ̀ láyé, mo rántí bí aṣọ ṣe máa ń jáde láti inú ìkòkò aró pẹ̀lú àwọ̀ ewé, tí wọ́n á nà án sínú atẹ́gùn, tí yóò máa dúdú díẹ̀díẹ̀ lójú mi títí yóò fi di aró gidi. Kò sẹ́ni tó fa ìlà pupa fún màmá àgbà rí. Ìkòkò aró nìkan ló ń pàṣẹ fún wọn: omi eérú ni wọ́n á kọ́kọ́ sẹ́, wọ́n á kó èlú sí i, wọ́n á máa dúró dè é fún ọjọ́ mélòó kan, ọjọ́ tó bá sì tó, ó tó nìyẹn. Owó aró yẹn ló rán bàbá mi níwèé tó fi di olùkọ́. Mo fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ ìlú yìí rántí ìyẹn nígbà tí wọ́n bá ń wo iṣẹ́ àdáni bí ohun tí ẹni tí kò ríṣẹ́ ń ṣe. Olùkọ́ ni Dúró Ládípọ̀ náà kó tó gbájú mọ́ eré, tó sì dá Mbari Mbayo, ilé eré àti iṣẹ́ ọnà, sílẹ̀ níbí ní 1962, orúkọ Ìgbò, Mbari, tí àwọn ará Òṣogbo yí sí tiwọn pé bí mo bá rí i, màá yọ̀. Jimoh Buraimoh tó ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ya àwòrán tí gbogbo ayé mọ̀, iná ló ń tàn tẹ́lẹ̀ fún ẹgbẹ́ eré Dúró Ládípọ̀. Inú ìlú wa yìí ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀.

Mi ò bú ẹni tó ń gba owó oṣù o. Nọ́ọ̀sì tó gba Kẹ́hìndé lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ní ìdájí yẹn, owó oṣù ló ń gbà, bí kò bá kọ orúkọ sínú rẹ́jísítà lálẹ́ ọjọ́ náà, mi ò mọ ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ oṣù bá bá lára mu, kó ṣe é dáadáa. Ọkùnrin tó wá bá mi yìí náà, mo ti bá a wá aránṣọ méjì tó nílò iṣẹ́ náà, mo ti fi nọ́ńbà wọn ránṣẹ́ sí i.

Bàbá mi ṣì wà. Ọ̀sán gbogbo ló máa ń wá sí ṣọ́ọ̀bù wá ka ìwé ìròyìn. Ó ti yan àga kan ní tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì tí a fi ń gé aṣọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀ ni àgbà nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi máa ṣe fíríìdọ̀mù. Ọdún mẹ́ta ló lò lọ́dọ̀ mi, ọmọbìnrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́, tó mọ àmúrè rán ju èmi lọ. Màmá rẹ̀ ti wá, a ti sọ ti kánòpì àti ti oúnjẹ. Láàárọ̀ yìí mo lọ ra àlùmọ́gàjí fún un. Mo gbọ́ ìró mẹ́fà kí n tó mú ọ̀kan. Mo ti pọ́n ọn, mo fi ẹ̀já àdìrẹ dì í, mo tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀ níbi tí òwú funfun wà. Kò tíì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Láti àná ló ti ń gé agbádá ọkọ ìyàwó kan lórí tábìlì níwájú mi, èmi sì ń wo ìta.